Ubaldo Durán Victoriano, Mẹkáníìkì Tó Ń Bi Gbogbo Ènìyàn Bóyá Ìsàlẹ̀ Ni Wọ́n Ń Lọ (1951–2019)

Abúlé La Cotorra, lápá òkè àfonífojì Constanza, ni wọ́n bí Bàbá wa sí ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù karùn-ún ọdún 1951. Ọjọ́ ẹni mímọ́ Ubaldo ni ọjọ́ náà nínú kàlẹ́ńdà ìjọ, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò jiyàn lórí orúkọ. Bàbá tó bí wọn ni Cirilo Durán, àgbẹ̀ aláyù. Ìyá wọn ni Isaura Victoriano, tó ń fọṣọ fún àwọn àlejò ilé ìtura orí òkè. Àwọn ọmọ méjì tó ṣáájú Bàbá kú kí wọ́n tó mọ ìrìn, ìdí nìyí tí Màmá Isaura fi gbé Bàbá pọ̀n títí ẹsẹ̀ wọn fi ń wọ́lẹ̀, tí àwọn aládùúgbò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló pọn ta.

Àwa ẹbí Durán kí gbogbo ẹni tó gun òkè wá bá wa parí àdúrà ọjọ́ kẹsàn-án yìí. Ẹ jókòó. Kọfí wà lórí iná, tíì atalẹ̀ náà wà fún ẹni tí òtútù bá ń mú.

Ní ọdún 1958 ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn ín, nínú ìrì tó ń dì lórí koríko bí iyọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1962, ìrì dídì yẹn pa gbogbo áyù tó wà nínú oko Bàbá àgbà. Ilẹ̀ dúdú láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n yọ Bàbá kúrò ní kíláàsì kẹrin láti wá ro oko tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, wọn kò sì padà mọ́. Ìwọ̀nba ìwé tí wọ́n mọ̀ kò ju kí wọ́n kọ orúkọ wọn, kí wọ́n sì fi ìka tọ Májẹ̀mú Tuntun lọ ní díẹ̀díẹ̀.

Ní ọdún 1966 wọ́n rán wọn lọ kọ́ṣẹ́ ní Bonao, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Toribio Lantigua. Orí àpò ìrẹsì ni wọ́n ń sùn. Búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ gbígbẹ ni oúnjẹ àárọ̀. Ọ̀gá Toribio kì í na ọmọ iṣẹ́, àmọ́ bí nọ́ọ̀tì bá sọnù, ẹni tó sọ ọ́ nù kò ní jẹun alẹ́. Ní ọdún kejì, nọ́ọ̀tì kan sọnù, Bàbá sì fi ebi sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, nínú bàtà ọ̀gá ni nọ́ọ̀tì náà wà. Ọ̀gá wò ó, ó sì fi í sápò. Títí Bàbá fi kú, wọ́n máa ń sọ pé oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà kò tíì dé.

Wọ́n padà sókè ní ọdún 1972, wọ́n sì gba ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ kúrò ní Constanza. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ohun tí Ọ̀gá Toribio kò lè kọ́ wọn, torí ọ̀gá kò gbé orí òkè rí. Afẹ́fẹ́ tiwa lókè fẹ́lẹ́. Alùpùpù tó bá ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ gòkè wá, epo rẹ̀ á pọ̀ ju afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ, á máa wúkọ́, á máa rú èéfín dúdú, kò ní lè gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mẹkáníìkì á ṣí kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, á yọ jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn idẹ kékeré oníhò tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, á fi èyí tí ihò rẹ̀ kéré sí i rọ́pò rẹ̀. Alùpùpù náà á sì máa kọrin. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni ín bá tún gùn ún sọ̀ kalẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ki, tí oòrùn sì mú, epo kò ní tó mọ́. Ẹ́ńjìnnì tí epo kò tó á gbóná kọjá ààlà, písítìnì, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀, á wú, á sì lẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀ lójijì. Táyà ẹ̀yìn á dúró gbagidi bí ẹni tí a fi okùn so. Ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ nígbà náà, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà.

Nítorí èyí ni gbogbo mẹkáníìkì Constanza fi ní ìbéèrè kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ bi oníbàárà kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù: ṣé ìsàlẹ̀ lo ń lọ? Bàbá kì í gbàgbé rẹ̀. Wọ́n bi àlùfáà. Wọ́n bi ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke, ọkùnrin náà sì dá wọn lóhùn pé ìsàlẹ̀ lòun ń lọ lóòótọ́, àmọ́ epo tòun wà nínú ìkòkò ẹ̀wà ìyàwó òun.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1975 ni Bàbá gbé Màmá wa, Fidelina Abreu, níyàwó nínú ìjọ. Ibi tí àwọn obìnrin ti ń di áyù ni wọ́n ti pàdé. Bàbá Màmá kò fẹ́. Wọ́n ní ọkùnrin tí èékánná rẹ̀ kì í mọ́, ọwọ́ wo ni yóò fi gba ara Olúwa? Bàbá fi ọṣẹ àti iyanrìn fọ ọwọ́ títí awọ fi bó, wọ́n sì fi ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ wọ òrùka. Joselín ni àkọ́bí, ní ọdún 1976. Ìjì ńlá ọdún 1979 gbé òrùlé ilé lọ, omi sì gbé ṣọ́ọ̀bù lọ pẹ̀lú gbogbo irinṣẹ́. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, Joselín lórí àyà Bàbá, omi ń kán sí wọn lára. Ní ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n bí Rubelio. Nereida tẹ̀lé e ní 1983.

Bàbá tún ṣọ́ọ̀bù kọ́ láti orí irinṣẹ́ tí wọ́n tọrọ. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ara dẹ̀ wọ́n díẹ̀. Àwọn tó mọ̀ wọ́n nígbà náà rántí pé wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín.

Ní nǹkan bí ọdún 1994, àwọn ọ̀dọ́ òkè yìí mú àṣà kan wá. Wọ́n á tú àpótí asẹ́ afẹ́fẹ́ kúrò lára alùpùpù, wọ́n á fi asẹ́ kékeré onímú ṣóńṣó rọ́pò rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè mí fàlàlà, kó sáré, kó sì ké kí ọmọbìnrin lè yọjú. Bàbá kò fẹ́ràn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ń fẹ́ epo tó pọ̀, wọ́n á ní, ẹni tó bá ṣí ẹnu fún ẹranko gbọ́dọ̀ ní oúnjẹ tí yóò fi sí i. Síbẹ̀ wọ́n mọ bí a ti ń ṣe é ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n á pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ kábúrétọ̀ sókè ní ipele kan, wọ́n á gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ itẹ́ òkú pẹ̀lú gbogbo agbára, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì lórí ìrìn, wọ́n á sì yọ púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo wò. Bó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù. Bó bá funfun, ikú ń bọ̀. Bó bá pupa rúsúrúsú bíi kọfí tí a bu wàrà sí, ó ti pé.

Ní oṣù kẹta ọdún 1998, Joselín gbé alùpùpù tirẹ̀ wá. Ó ti fi ọdún mẹ́ta gbé áyù kó tó lè rà á. Ó ní kí Bàbá bá òun ṣí ẹnu rẹ̀. Bàbá ní rárá. Joselín kò bínú, kò bẹ̀bẹ̀, ó kàn jókòó sórí táyà, ó ń ṣe bí alùpùpù tó ń mí pẹ̀lú ìṣòro.

Ó ní, “Bàbá, ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí. Ọmọ yín ló ní ọ̀fìnkìn yìí o, ẹ sì ń wò ó.”

Màmá rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mú súkúrúdíráfà. Odidi ọ̀sán ni wọ́n fi ṣe é, baba àti ọmọ, orí sún mọ́ orí. Wọ́n gun òkè itẹ́ òkú, wọ́n sọ̀, wọ́n tún gùn ún. Nígbà tí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀kẹta, àwọ̀ rẹ̀ pé bí kọfí oníwàrà. Bàbá gbé e wá fi han Màmá, wọ́n sì fi ọwọ́ tó kún fún epo kan Màmá lẹ́rẹ̀kẹ́. Kò sí ohun tó kù tí wọn kò ṣe, àfi ọ̀kan. Wọn kò béèrè. Ọmọ ilé ni. Wọ́n gbà pé oko kárọ́ọ̀tì ni yóò máa gùn ún lọ, bí ó ti máa ń lọ.

Joselín ti gbọ́ nípa iṣẹ́ kan ní èbúté Haina, létíkun. Kò sọ, torí ó mọ̀ pé Bàbá kò ní fẹ́ kó kúrò lórí òkè. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó gbé Rubelio sẹ́yìn, ó ní oko ni àwọn ń lọ. Màmá rí ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà. Màmá rò pé ọmọbìnrin kan ló wà ní ojú ọ̀nà oko.

Wọ́n dé òpópónà ńlá nígbà tí oòrùn ti mú. Rubelio sọ fún wa pé alùpùpù náà kò sáré bẹ́ẹ̀ rí, pé Joselín ń kọrin, àti pé ohùn ẹ́ńjìnnì tín-ín-rín, ó ń han bíi fèrè. Lẹ́yìn náà ni táyà ẹ̀yìn dúró. Rubelio ṣubú sínú koríko, apá kan ló dá. Ọkọ̀ ẹrù kan wà lẹ́yìn wọn. Dírẹ́bà náà kò ṣe àìdáa kankan. Ó sunkún wá sí ilé wa, ó sì jókòó ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ sàréè Joselín, nígbà tí wọ́n ń kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó, Rubelio dúró níwájú Bàbá pẹ̀lú apá tí a so kọ́rùn. Ó rọra sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Gbogbo ayé lẹ máa ń bi. Ẹ máa ń bi àlejò. Àwa nìkan lẹ ò bi.”

Kí àdúrà ọjọ́ kẹsàn-án Joselín tó pé, Rubelio ti bá ọkọ̀ aláyù sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Haina. Ó di ọlọ́kadà níbẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan òkè yìí.

Láti ọdún 1998 lọ, Bàbá kò ṣí ẹnu alùpùpù kankan mọ́. Bí wọ́n bá sì tún kábúrétọ̀ ṣe, wọ́n á jẹ́ kí epo pọ̀ jù, kó pọ̀ débi tí alùpùpù á máa rú èéfín bí ààrò. Àwọn oníbàárà ṣe àwàdà rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n bínú, lẹ́yìn náà wọ́n lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì ọ̀nà. Wọ́n ní Ọ̀gá Ubaldo ń fún alùpùpù lọ́mú. Bàbá gbọ́. Wọ́n ní èyí tó bá wúkọ́ á délé.

Iṣẹ́ tí Bàbá ṣe fún ìlú, a kò lè fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ọdún àti òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á gbé àga lọ sí ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, pẹ̀lú agolo jẹ́ẹ̀tì lápò, wọ́n á máa dá àwọn tó ń fi alùpùpù kó áyù àti àwọn ọlọ́kadà dúró. Ẹni tó bá ń lọ sísàlẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan dúró. Àwọn kan fi fèrè bú wọn. Ọ̀rẹ́ wọn Porfirio, tó ni ilé ọtí ibẹ̀, kígbe sí wọn lọ́jọ́ kan níwájú gbogbo àwọn tó ń ta ayò: “Ubaldo, ilé ìgbẹ́ ni mò ń lọ o. Ṣé kí n pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì?” Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ló wà, kó pààrọ̀ ẹ̀. Porfirio fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún wa ní alẹ́ òkú, kò sì lè parí rẹ̀.

Nípa ti ìgbàgbọ́, Bàbá jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì láti kékeré, wọ́n sì gbé ère Wúńdíá nínú ìtọ́wọ̀ọ́rìn ọdọọdún títí di 1997. Lẹ́yìn náà wọn kò jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń dúró sí, fìlà lọ́wọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àlùfáà pè wọ́n wọlé lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ní ibi tí àwọn wà dára, àwọn ń gbọ́.

Wọ́n a máa fi áyù àti ọ̀rọ̀ rán àwọn awakọ̀ sí Rubelio. Ọ̀rọ̀ náà kì í yí padà: kí wọ́n bá àwọn bi í pé jẹ́ẹ̀tì wo ló wà nínú tirẹ̀. Àwọn awakọ̀ máa ń padà wá sọ pé ó gba áyù, kò sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tó ṣàánú Bàbá, sọ fún wọn ní ọdún 2011 pé ọ̀kadà Rubelio ló ń rú èéfín jù ní gbogbo Haina, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní Ààrò. Bàbá wọ yàrá lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú wọn pupa, wọ́n sì jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí a lè pè ní ọjọ́ ayọ̀ láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn nìyẹn.

Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018. Nígbà tí oṣù kẹrin ọdún 2019 parí, wọn kò lè dìde mọ́. Wọ́n ní kí a gbé ibùsùn sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún, Nereida pe Rubelio lórí fóònù, ó ní bó bá máa wá, kó wá. Rubelio ní òun ń bọ̀. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ ní Kérésìmesì méjì, kò sì wá. Nítorí náà Nereida kò sọ ọ́ fún Bàbá, kí ọkàn wọn má baà tún já. Bó bá sì wá lóòótọ́, ọkọ̀ èrò ìrọ̀lẹ́ ló rò pé yóò wọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án, òjò ń fọ́n. Alùpùpù kan bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ nísàlẹ̀ wa lọ́nà, ní kọ́nà tó wà lẹ́yìn igi páìnì. Ó ń gbà, ó ń kọ̀. Ó kú, ó tún jí. Bàbá ti ń sùn láti àárọ̀. Wọ́n la ojú.

Wọ́n ní, “Epo rẹ̀ ti pọ̀ jù.”

Màmá ní kí wọ́n sinmi, ẹlẹ́rù kan ni.

Bàbá tún fetí sí i. Wọ́n di ọwọ́ Nereida mú. Wọ́n ní, “Ẹ sọ fún un kó dín in kù. Òkè ló wà. Kò ní pa á níbí.”

Nereida ní òun ti gbọ́, ó sì fi aṣọ tútù nu ẹnu wọn. Kò sí ẹni tó jáde. Ìrànrán àìsàn ni a pè é, torí láti bí ogún ọdún, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ kí Bàbá ní kí ẹnìkan dín epo kù. Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dákẹ́. Bàbá kọ ojú sí fèrèsé, wọ́n ń dúró kó tún dún. Kò dún mọ́. Kọfí tí Màmá gbé sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kò tíì tutù nígbà tí ẹ̀mí bọ́.

A ti pa wọ́n lójú dé nígbà tí Rubelio wọ àgbàlá, ó ń ti alùpùpù, ẹrẹ̀ dé orúnkún. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Súkúrúdíráfà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí abẹ́là, ó sì dúró sójú kan.

Ó ní, “Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe sí i. Ọwọ́ mi ló kọ̀. Ọwọ́ mi ò lè dín in.”

Nereida kò tíì lè sọ fún un ohun tí Bàbá sọ. Àwa ẹbí jọ rò ó, a sì rí i pé ibi tó yẹ kó ti kà á nìyí. Rubelio, Bàbá gbọ́ ọ. Wọ́n ní kó o dín in kù, pé kò ní pa ọ́. Àwa ni a kò wá jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni Bàbá lò láyé. Ìyàwó wọn, Fidelina Abreu, ṣì wà. Àwọn ọmọ tó gbẹ̀yìn wọn ni Rubelio Durán Abreu ní Haina àti Nereida Durán Abreu ní Constanza. Àwọn ọmọ ọmọ ni Wandel àti Yarisa, àwọn ọmọ Nereida, àti Joselina, ọmọ Rubelio, tí Bàbá kò rí rí, tí a kò sì mọ̀ pé orúkọ yẹn ló ń jẹ́ títí di alẹ́ òkú. Àbúrò wọn Ercilia náà wà láàyè. Joselín ti wà ní òkè itẹ́ òkú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a sin wọ́n sí, lójú ọ̀nà tí wọ́n jọ gùn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Alùpùpù Rubelio ṣì wà ní àgbàlá bó ti gbé e dé. Ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí kábúrétọ̀ rẹ̀.

Bàbá, ọkùnrin tó ń bi gbogbo ènìyàn ibi tí wọ́n ń lọ, ẹ lọ, àwa kò sì rántí bi yín. Ẹ máa sùn. Kí ọ̀nà tẹ́jú fún yín, kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tó yín mí. Ẹ sùn un re o.